Físà ti tán, irọ́ kọ́ ló máa gbà ọ́ là

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ni, ọmọ tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì l'Abẹ́òkúta. Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló ń gbé báyìí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ti sùn. Ṣùgbọ́n lọ́la ni mo gbọ́dọ̀ san owó kan, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ka òfin nínú àwọn tí mo lè pè."

Owó wo? Ó ṣàlàyé. Físà àbẹ̀wò ló gbé e dé Amẹ́ríkà lọ́dún 2022. Ọdún méjì ni wọ́n kọ sí físà náà. Kò padà wálé mọ́. Irun ló ń dì, ọwọ́ ni wọ́n ti ń sanwó fún un. Ó ti ní àfẹ́sọ́nà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Houston, sítísìn gidi. Wọ́n fẹ́ra wọn, àwọn òbí méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní notary, tó ń bá àwọn ọmọ wa kọ ìwé. Ọkùnrin yìí ní kó fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀ ná. Ó ní kó san 3,000 dọ́là, òun á bá a kọ ìwé asylum, pé ibẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ ti máa ń tètè jáde. Ìtàn ti wà nílẹ̀: wọ́n fẹ́ fi ọmọbìnrin náà fún ọba kan níyàwó tipátipá, bàbá rẹ̀ ló gba owó orí rẹ̀, àwọn abọrẹ̀ sì ń wá a kiri.

Bó ṣe sọ ọ́ dé ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo mọ bàbá rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ọba kan ṣoṣo tí mo rò pé bàbá yẹn bá sọ̀rọ̀ rí ni Ọba òkè.

"Bọ̀dá, ṣé kí n san án?"

Mo ní kó má san án. Ohun tí mo sọ fún un lóru ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà lónìí, torí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń ka èyí tí kò ní ẹnì kan lókè òkun tí páálí rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kí n tó tẹ̀ síwájú: lóòótọ́ ni mo ka òfin, ṣùgbọ́n mi ò kì í ṣe lọ́yà ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ẹ má fi àpilẹ̀kọ mi kọ ìwé. Ẹ fi mọ ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi lọ́yà ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé rèé. Físà kọ́ ló ń sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ní Amẹ́ríkà. Físà kàn ń sọ ìgbà tẹ́ ẹ lè fi dé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ kan ilẹ̀kùn ni. Òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ní pápákọ̀ òfurufú ló ń sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jáde, ó sì ń wọ inú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní I-94. Ẹni tó lọ ṣe àbẹ̀wò sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà. Àkọsílẹ̀ yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè fi nọ́ńbà páálí rẹ̀ wò ó láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ tí mo ń sọ yìí ò wò ó rí. Ó rò pé ọdún méjì tó wà lórí físà ni òun ní. Ìgbà tó fi máa mọ̀, ó ti lé ní ọdún kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ tún yàtọ̀. D/S ni wọ́n sábà máa ń kọ sí tiwọn, ìyẹn ni pé wọ́n lè wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀kọ́ wọn bá ń lọ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá já iléèwé sílẹ̀ ti já àṣẹ yẹn sílẹ̀ nìyẹn, kódà bí físà inú páálí rẹ̀ bá ṣì ku ọdún méjì.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá jókòó kọjá ọjọ́ rẹ̀? Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1996 ló fi ìyà tó le sí i. Bó o bá lo ju 180 ọjọ́ lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ, àmọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, tó o wá jáde, ọdún 3 ni o ò ní lè padà wọlé. Bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10 ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ dáadáa: "tó o wá jáde." Ìyà ọdún mẹ́wàá yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà téèyàn ṣì wà lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tó bá wọ bàálù láti máa bọ̀ nílé ló ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìdáríjì wà fún ẹni tí ọkọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ sítísìn tàbí tó ní green card, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ìyà tó kọjá àfaradà ló máa jẹ ẹni yẹn. Kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fojú di.

Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa kan fi ń wo ìsìnkú ìyá wọn lórí Zoom, tí àwa tó wà nílé á máa sọ pé owó ló gba orí wọn. Àwọn àgbà ní àjò ò dùn kónílé má relé. Ẹni tí òfin ọdún mẹ́wàá dúró dè lẹ́nu bodè mọ ilé, ó kàn mọ̀ pé bí òun bá lọ, òun ò ní lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tóun ti bí síbẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kéèyàn jókòó kọjá ọjọ́ kì í ṣe òpin ayé. Ọ̀nà wà. Méjì nínú wọn ni mo fẹ́ sọ, torí àwọn méjèèjì làwọn ayédèrú lọ́yà máa ń lú pọ̀ mọ́ra bí àmàlà.

Èkíní ni asylum, ìyẹn ìwé ààbò. Ẹni tó ń sá fún inúnibíni ni wọ́n ṣe é fún. Ó ti inú àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 jáde, Amẹ́ríkà sì gbé e sínú òfin tirẹ̀ lọ́dún 1980. Kì í ṣe gbogbo ìyà ló wọ ibẹ̀. Ebi ò sí níbẹ̀. Dọ́là tó wọ́n ò sí níbẹ̀. Àìríṣẹ́ṣe ò sí níbẹ̀. O gbọ́dọ̀ fi hàn pé o bẹ̀rù inúnibíni, àti pé ìdí tí wọ́n fi ń wá ọ jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan márùn-ún: ìran tó o ti wá, ẹ̀sìn rẹ, orílẹ̀-èdè rẹ, èrò rẹ nípa òṣèlú, tàbí àwùjọ kan pàtó tó o wà lára rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, tàbí pé àwọn tí ìjọba ò lè dá dúró, tàbí tí kò fẹ́ dá dúró, ló ń ṣe é. Òfin ọdún 1996 yẹn náà tún fi gbèdéke sí i: ọdún kan péré láti ọjọ́ tó o dé ni o ní láti kọ ìwé náà. Àwọn ìdí kan wà tí wọ́n lè fi gba èyí tó pẹ́, bíi kí nǹkan yí padà nílé lẹ́yìn tó o ti kúrò, tàbí kí àìsàn ńlá dá ọ dúró. "Mi ò mọ̀" kì í sábà wà lára wọn.

Ìkejì ni ti ẹbí. Ọkọ tàbí ìyàwó sítísìn, òbí sítísìn tó ti pé ọdún 21, àti ọmọ sítísìn tí kò tíì pé ọdún 21 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, òfin ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Bí ẹni náà bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò tó sì gbà á wọlé, ó lè gba green card láìkúrò ní Amẹ́ríkà, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá. Bí kò bá ti jáde, ìyà ọdún mẹ́wàá yẹn ò ní bá a. Ẹni tó yọ́ gba ẹnu ààlà wọlé kò sí nínú èyí. Ẹni tí onígríìn káàdì fẹ́, tí ẹni yẹn kò tíì di sítísìn, kò sí nínú rẹ̀ bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rò pé ọmọ tẹ́ ẹ bí síbẹ̀ á gbà yín là, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2025, ó di ọdún 2046 kó tó lè kọ̀wé fún bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ẹ wá wo ọmọ tiwa yìí. Pápákọ̀ òfurufú ló gbà wọlé. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló wà nínú páálí. Sítísìn ni ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ìfẹ́ yẹn sì jẹ́ òótọ́. Ilẹ̀kùn ìkejì ṣí sílẹ̀ fún un. Ohun tí ọkùnrin yẹn wá fẹ́ gba 3,000 dọ́là fún ni pé kó fi ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, kó máa gba fèrèsé.

Kí ló burú níbẹ̀? Àkọ́kọ́, ọdún kan rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ìkejì, bí wọn ò bá fọwọ́ sí ìwé asylum ẹni tí kò ní àṣẹ ìgbélùú mọ́, iwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n ni wọ́n ń taari rẹ̀ sí. Ẹni tí ìjọba ò tíì mọ ilé rẹ̀ lánàá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Bó bá kó kúrò nílé tí ìwé kóòtù ò bá a, tí kò sì yọjú lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, adájọ́ lè pàṣẹ lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n lé e kúrò nílùú.

Ìkẹta ló le jù, òun sì lẹnikẹ́ni kì í sọ fún wọn. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ nínú kókó ìwé asylum rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un, kò ní rí àǹfààní ìmígíréṣọ̀n gbà mọ́ láéláé bí adájọ́ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kì í ṣe ọdún mẹ́wàá. Láéláé ni. Kó fẹ́ sítísìn, kó bí ọmọ mẹ́fà, kó máa san owó orí lọ́dọọdún, ilẹ̀kùn green card ti tì. Ìkìlọ̀ náà wà nínú fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, níbi téèyàn ti ń fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í kà á, torí kì í ṣe àwọn ló kọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù.

Ìkẹrin: fáìlì kan náà ni. Ẹni tó máa fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lórí ìgbéyàwó lè ṣí ohun tó o kọ sí ìwé asylum níwájú rẹ̀. Nínú ìwé yẹn, bàbá rẹ ló tà ọ́ fún ọba. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó, bàbá kan náà ló gbé ọwọ́ lé ọ lórí, tó ń ṣàdúrà fún ọ lórí fídíò. Kí lo máa sọ?

Mo mọ èsì tí àwọn kan ti ń kó jọ fún mi. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn, ẹ lè máa sọ òfin. Ẹ wá san owó ilé ní Houston ná." Mo gbà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ní ìwé iṣẹ́, iye tí wọ́n bá fún un ló máa gbà. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá jẹ ẹ́ lówó, ẹ̀rù ni kò ní jẹ́ kó lọ fẹjọ́ sùn. Bí ara rẹ̀ ò bá yá, á máa da gbogbo dọ́là inú àpò rẹ̀ rò kó tó dé ọsibítù. Nígbà tí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé ìwé iṣẹ́ ń bẹ lẹ́yìn ìtàn ojú ìwé mẹ́ta, mi ò lè pe ẹni tó gbọ́ ọ ní ọ̀daràn.

Ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, èmi fúnra mi bèèrè owó kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ìbátan mi kan tó wà lọ́hùn-ún. Mo rí i gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé kò ní ìwé iṣẹ́, pé inú yàrá ìkẹ́rù ilé ìtajà kan ló ti ń ru àpótí lóru kó tó rí owó yẹn. Mi ò bi í léèrè rí pé, "Páálí rẹ ńkọ́?" Mo kàn sọ pé, "Bọ̀dá, Ọlọ́run á bùkún un." Báyìí ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe. A máa ń bèèrè owó láìbèèrè bóyá ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ ń sùn.

Àwọn míì á ní, "Ṣebí lágbájá parọ́, ó sì ti di sítísìn?" Òótọ́ ni, àwọn kan ṣe é tí wọ́n mú un jẹ. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba lè gbé ẹni tó fi irọ́ di sítísìn lọ sílé ẹjọ́ láti gba ìwé náà padà, òfin ò sì sọ pé bó bá ti pé iye ọdún báyìí, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi etí kan sùn títí di ọjọ́ ogbó, ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí notary tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ní Nàìjíríà níbí, lọ́yà ni notary public, adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè ló sì ń yàn án. Torí náà, bí ọmọ wa bá gbọ́ notary ní Amẹ́ríkà, ó máa rò pé òun ti dé ọ̀dọ̀ àgbà lọ́yà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́hùn-ún, ẹni tó lè jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé lásán ni notary. Kò ní àṣẹ láti gba èèyàn nímọ̀ràn lórí òfin, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó kọ ìtàn fún un. Lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ, tàbí aṣojú tí iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ yẹn. Lọ́yà gidi á fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé tó bá bá yín kọ. Ayédèrú á ní kẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ fúnra yín.

Ta wá ni irọ́ yìí ń pa lára jù? Ẹni tó ní òótọ́ lẹ́nu ni. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọmọ Tógò kan, Fauziya Kassindja. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó sá kúrò nílé torí pé wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún un kí wọ́n sì fi í fún ọkọ tí kò fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994 ló dé pápákọ̀ òfurufú Newark. Ìwé ìrìnnà ẹlòmíràn ló gbé wọ̀lú, ṣùgbọ́n bó ṣe délẹ̀ ló sọ òótọ́ pé kì í ṣe tòun, pé ààbò lòun ń wá. Wọ́n tì í mọ́lé fún ohun tó lé lọ́dún kan. Adájọ́ àkọ́kọ́ ò gbà á gbọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1996, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ìmígíréṣọ̀n dá a láre. Ẹjọ́ yẹn ló jẹ́ kí àwọn obìnrin mìíràn tó ń sá fún abẹ́ dídá rí ẹsẹ̀ tẹ̀ ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Ẹ wá rò ó wò: ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó síwájú òṣìṣẹ́ lónìí pẹ̀lú irú ìtàn yẹn gan-an, lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ náà ti ka irú rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá láti ọwọ́ akọ̀wé kan náà, ta ló máa gbà á gbọ́?

Mo mọ ẹnì kan tí tirẹ̀ jẹ́ òótọ́. A jọ ka ìwé ni. Mi ò ní sọ púpọ̀, ju pé òfin tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo, àti pé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti gbìyànjú láti pa á kí ọlọ́pàá tó dé. Ó dé Amẹ́ríkà, ojú tì í. Kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́ ohun tó máa kọ sínú ìwé. Oṣù kẹrìnlá ló tó lọ rí lọ́yà. Adájọ́ gbà pé òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ní ó ti pẹ́ jù fún asylum. Ààbò tó kéré sí i ló rí gbà: wọn ò ní dá a padà sí Nàìjíríà, ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ti ibẹ̀ gba green card, kò sì lè tìtorí rẹ̀ mú ẹnikẹ́ni wá. Oṣù méjì péré ló fi pẹ́. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹnikẹ́ni lóòótọ́, ohun tí mo fẹ́ kó gbọ́ nìyí: má jẹ́ kí ìtìjú jẹ ọdún kan rẹ tán.

Ẹ má sì rò pé ìgbéyàwó ni mo ń tà. Ìgbéyàwó àdéhùn, èyí táwọn èèyàn wa ń pè ní àrénjì, irọ́ ni òun náà. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 àti owó ìtanràn tó lè tó 250,000 dọ́là ló wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti rí i pé ẹnì kan ṣe àrénjì rí, kò sí ìwé tí ọkọ tàbí aya gidi tó bá fẹ́ lọ́jọ́ iwájú lè kọ fún un tí wọ́n máa fọwọ́ sí. Kódà fún ìgbéyàwó òótọ́, bí kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí green card, ọdún méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, wọ́n á tún padà wò ó bóyá tọkọtaya náà ṣì wà pọ̀. Ẹni tí sítísìn tó fẹ́ bá sì ń lù, tó ń fi páálí halẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, òfin fún un láyè láti kọ ìwé tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni yẹn mọ̀. Ẹ má jókòó ti ìyà nítorí páálí.

Gbogbo èyí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín físà wọn kù. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà wọ ọ̀wọ́ yẹn, Tógò sì ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Lára ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún tiwa ni iye àwọn tó ń jókòó kọjá ọjọ́ wọn: ìdá 5.56 nínú ọgọ́rùn-ún fún físà àbẹ̀wò àti òwò, ìdá 11.90 fún ti akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn físà tó jọ ọ́. Mi ò gbà pé ó tọ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni mọ́kànlá tàbí méjìlá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn. Nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà yẹn ni wọ́n gbé síwájú ayé. Àwọn ìlànà tó sì ń jáde láti ọdún 2025 ti mú kí ìwé tó ti wà nílẹ̀ máa dúró pẹ́, kí ìwé tí wọ́n bá kọ̀ sì lè gbé èèyàn dé kóòtù. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n yín lọ́dún 2019 lè di ọ̀fìn fún yín lónìí.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra àtijápa, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá balẹ̀, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò fún Instagram, ẹ wo I-94 yín, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ sí i, kí ọjọ́ yẹn tó pé lẹ ti ń kọ̀wé. Ẹ̀yin tí ọjọ́ yín ti kọjá, ẹ má wọ bàálù, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan láìtíì rí lọ́yà. Bí ẹ bá yí àdírẹ́sì padà, ẹ jẹ́ kí ìjọba mọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ẹjọ́ bá ti wà ní kóòtù, ọjọ́ márùn-ún ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹ̀yin ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí Yorùbá ní Houston, Chicago, Maryland àti New York, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ jù. Ẹ ń ra aṣọ ẹbí lọ́dọọdún. Ẹ ń gba gbọ̀ngàn fún ayẹyẹ. Ẹ mú ọjọ́ Sátidé kan láàárín ọdún, kẹ́ ẹ san owó lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kan tàbí méjì, kí àwọn ọmọ yín wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, láìkọ orúkọ sílẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí lọ́yà ni ayédèrú notary ti ń rí oúnjẹ jẹ. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n máa ń pín káàdì wọn.

Ọmọ tí mo ń sọ yẹn ò san owó náà. Ọkùnrin yẹn ní ó ti gbọ́n jù, pé ó máa padà wá bẹ òun. Ó lọ rí lọ́yà kan pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Lọ́yà náà bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bóyá ó ti fọwọ́ sí ìwé asylum kankan rí. Nígbà tó ní rárá, lọ́yà náà mí kanlẹ̀. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ní kóòtù. Ìwé náà lè pẹ́, wọ́n ti sọ fún un pé kó má retí pé kíákíá ni. Bàbá rẹ̀ ti lé lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó sì ń ṣàìsàn. Kò gbọ́dọ̀ wá wò ó báyìí. Àdúrà rẹ̀ ni pé kí bàbá dúró de òun, mo sì bá a ṣe àmín.

Bí ẹ bá ní ẹnì kan lókè òkun tẹ́ ẹ ò tíì bi léèrè nípa páálí rẹ̀ rí, ẹ pè é lónìí. Ẹ má bèèrè owó. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló wà lórí I-94 rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.